Olójú-Àṣá àti Ewé Tútù Orí Omi

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni nínú yín ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? A máa ń pa á nítorí ìyàwó tuntun tó gbé ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀ síbi tí wọn kì í gbé e sí. A máa ń pa á nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, tó lọ fìdí kalẹ̀ sórí àga baálé. Ẹnu wa ti mọ́ òwe náà débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́: báwo ni ènìyàn ṣe lè lójú kó má fi ríran? Afọ́jú la mọ̀ tí kò ríran. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere, kí ló dé tí àwọn àgbà fi ní òun náà kò ríran? Ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn bí ó ṣe kù díẹ̀ kí odò gbé ọmọ kan ṣoṣo lọ lójú bàbá rẹ̀ ni, ojú náà sì ni gbogbo ìlú ń pè ní ojú àṣá.

Ọkùnrin kan wà láyé ọjọ́un ní ìlú Ọ̀dàn-Olú, Láyíwọlá lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Ọ̀dàn-Olú. Bí ènìyàn bá gun orí ọ̀gán lásán, yóò rí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Nígbà ogun, Láyíwọlá ni wọ́n fi ṣọ́ orí odi ìlú. Òun ló máa ń rí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó lè nà ró lórí odi kó sọ fún ọ pé ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ọwọ́ òsì ló fi di ẹrù mú, ó sì ń tiro. Bí ẹni náà bá dé ẹnubodè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò bá a. Olójú-Àṣá ni ìlú sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tó yá, ó gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ogun parí, ọ̀nà là. Ìyàwó Láyíwọlá ti ṣaláìsí nígbà náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un, Ìbíyẹmí, ti di ọmọge, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó rẹ̀ sí ìgbà iṣu tuntun. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti máa ń jókòó sí ìdí odi, tí yóò máa bi bàbá rẹ̀ pé kí ló wà lẹ́yìn ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Bàbá kò rí èsì fún un rí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló pè é.

"Ìbíyẹmí, kí ilé ọkọ tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, jẹ́ ká lọ wo ayé díẹ̀. Wọ́n ní omi kan wà nílẹ̀ àwọn olókè tó ń já láti orí àpáta, tí òṣùmàrè ń ta sí lẹ́sẹ̀."

"Bàbá mi, kí la máa ná lọ́nà? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àpò wa gbẹ."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. "Kí la fẹ́ fi owó ṣe? Ṣé oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ ojú ni?"

Òtítọ́ ló sọ. Ìrìn tálákà ni wọ́n rìn, ṣùgbọ́n ìran ọlọ́lá ni wọ́n wò. Bí wọ́n bá dé abà kan lọ́sàn-án, Láyíwọlá á bá wọn kọ ebè, Ìbíyẹmí á bá wọn pọn omi. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣu sísun ti dé iwájú wọn, ẹní sì ti wà tí wọn yóò sùn lé. Wọ́n dé ìdí àpáta kan tó rí bí erin tó kúnlẹ̀, wọ́n gùn ún dé téńté, atẹ́gùn orí rẹ̀ ń fẹ́ wọn láìbéèrè ẹyọ kan. Wọ́n dé ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbíyẹmí ki ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ọ̀kan, ó ki tòsì sí èkejì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n wọ igbó kan tí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ èrò ọ̀nà. Ọmọ náà ń sọ pé bí òun bá tilẹ̀ kú sílé ọkọ, òun ti jẹ ayé.

Níbi gbogbo tí wọ́n dé, Láyíwọlá ló ń kọ́kọ́ rí nǹkan. Òun ló ń nàka, Ìbíyẹmí ló ń wá a kiri kó tó rí i. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lára rẹ̀ tí kò dára: kì í béèrè. Bí onílé kan bá lanu láti sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn, Láyíwọlá á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti rí i," ni yóò wí. Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dé Ìdó-Àpáta, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè tí omi náà ti ń já. Àjàró ni wọ́n ń pe odò ibẹ̀, torí pé bó ti ń já ló ń ró. Òjò méjì péré ló tíì rọ̀ lọ́dún yẹn, ilẹ̀ sì ṣì le. Opó àgbàlagbà kan tó ń fọ epo pupa, Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá, ló gbà wọ́n sílé. Ajíbóyè, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, akọpẹ ni. Òun ló ń gun igi tí ìyá rẹ̀ fi ń rí ẹyìn fọ̀. Àwọn àlejò bá wọn ṣa ẹyìn títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n jẹ iyán, wọ́n sì sùn sí ẹ̀hìnkùlé tí ìró omi ti ń dún bí ẹní ń lọ ọlọ.

Ní òwúrọ̀, Láyíwọlá ti sán ìbàǹtẹ́ kí ìyá náà tó dáná sábẹ́ ìkòkò epo.

"Ẹ dúró dè mí díẹ̀," ni Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ kí epo yìí là kí n mú yín lọ. Ẹnìkan kì í dá lọ sí Àjàró nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Odò náà níwà."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Yèyé. Ojú tó ṣọ́ odi Ọ̀dàn-Olú ní gbogbo ọdún ogun, ṣé odò ló máa wá tàn án jẹ?"

"Mi ò sọ pé ojú rẹ kò dára, ọmọ mi."

"Mo ti rí ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Mo rí i lánàá láti ẹ̀hìnkùlé."

Ìbíyẹmí fa bàbá rẹ̀ láṣọ. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró de Yèyé." Ṣùgbọ́n Láyíwọlá ti mú ọ̀nà pọ̀n. Ìyá náà wo ìkòkò, ó wo ẹ̀yìn àwọn àlejò rẹ̀, epo sì ń ho. Ó jókòó padà.

Nígbà tí wọ́n yọ sí odò, Ìbíyẹmí gbàgbé ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àpáta dúdú gíga kan dúró bí ògiri ààfin, omi funfun sì ń ṣàn kalẹ̀ lára rẹ̀ bí òwú tí wọ́n ń ran. Kò pọ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn ti fà á tín-ín-rín. Nísàlẹ̀, odò náà tẹ́ rẹrẹ sáàárín òkúta funfun, kò dé orúnkún níbi tó jìn jù. Àwọn obìnrin ìlú ń fọṣọ ní bèbè lábẹ́ igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ nà bo odò, àwọn ọmọ wọn ń ṣeré lórí koríko. Láàárín odò gan-an, àpáta pẹlẹbẹ kan yọ síta bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ọba.

"Ibẹ̀ yẹn," ni Láyíwọlá wí. "Ibẹ̀ la ti máa rí òṣùmàrè náà lójúkojú."

Wọ́n ń tẹ orí òkúta kékeré kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé orí àpáta náà. Lóòótọ́, bí wọ́n ti jókòó ni òṣùmàrè yọ nínú ìkùukùu omi, ó tẹ̀ kọrọdọ láti ìdí àpáta dé ẹsẹ̀ wọn. Ìbíyẹmí pariwo ayọ̀. Ó na ọwọ́ sí i, àwọ̀ rẹ̀ sì bo ọwọ́ rẹ̀. Láyíwọlá kò wo òṣùmàrè mọ́. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó rántí ìyá ọmọ náà.

Ìgbà tó yá, ọmọ náà wo bèbè. "Bàbá, ẹ wò ó, kò sí ọmọ ìlú kankan tó wá sí orí àpáta yìí. Bèbè ni gbogbo wọn wà."

"Bí ẹwà bá pẹ́ lójú ẹni, kì í jọ ẹwà mọ́. Ojú wọn ti kú sí i."

Bí ó ti sọ̀rọ̀ tán ló rí ewé. Ewé tútù yọ̀yọ̀ ni, ó já láti orí òkè pẹ̀lú omi, ó yí po nínú ibú kékeré, ó sì ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ wọn. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó tún di mẹ́ta, ó di ọ̀pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí òdòdó ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìbíyẹmí, wo ewé! Àní odò yìí ń fi òdòdó kí àlejò káàbọ̀."

Lẹ́yìn náà ló tún rí akàn. Ẹlòmíràn ì bá má rí wọn, torí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti àpáta. Wọ́n ń jáde láti inú omi, ńlá àti kékeré, wọ́n ń gun òkúta lọ sókè bí ẹní ń lọ ọjà. Láyíwọlá kà á sí eré. Ó fi wọ́n han ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sáyà. Oòrùn ń ràn lórí wọn. Ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkè, níbi tí odò ti ń bọ̀, Láyíwọlá rí ìlà dúdú kan tó tín-ín-rín bí ojú tìróò. Ó rí i. Ó tilẹ̀ rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé ó bá àwọ̀ àpáta mu.

Àwọn obìnrin bèbè odò ń di aṣọ wọn. Tútù ni aṣọ náà wà, wọn kò fún un, wọn kò sá a. Wọ́n ń gbá àwọn ọmọ jọ, wọ́n ń gun òkè, ọ̀kan nínú wọn sì ti sáré gba ìlú lọ. Láyíwọlá rí ìyẹn náà.

Nígbà náà ni Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá yọ láàárín igi ní bèbè. Epo ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ń fì í lókè, ó ń la ẹnu. Ìró omi kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Láyíwọlá rí i kedere, ó tilẹ̀ rí eyín tó ti ká lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó sì ń juwọ́ padà sí i tayọ̀tayọ̀.

"Wò ó, Yèyé ti dé láti wá bá wa wòran. Kí i."

Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láti kí i, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. "Bàbá," ló wí, "kì í ṣe pé ó ń kí wa. Ó ń sunkún."

Omi tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ti pọ́n bí epo. Àwọn òkúta kékeré tí wọ́n tẹ̀ wá kò sí níbẹ̀ mọ́. Láyíwọlá wo ibi tí wọ́n wà, ó tún un wò, ojú rẹ̀ kò rí ọ̀kan. Ìró kan ti yí padà lókè: kì í ṣe ìró òwú tí wọ́n ń ran mọ́, ó ti di ti ẹran ńlá tó ń bú. Omi funfun orí àpáta sú, ó gbòòrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta sílẹ̀.

"Di ọwọ́ mi mú!" ni Láyíwọlá wí. Ó bọ́ sínú omi. Ó dé itan rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó dé àyà. Ó fa ọmọ rẹ̀ kó tẹ̀ lé òun, bí Ìbíyẹmí sì ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí àpáta ni ìgbì omi kan gbá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn. Ìka wọn yọ̀ kúrò nínú ara wọn. Láyíwọlá rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń jìnnà, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe omi pupa. Ó yí gbirigbiri, ó fi orí gbá òkúta, ó mu omi, ó rò pé ó ti parí. Gbòǹgbò igi ńlá nì ló hà á ní ìsàlẹ̀ bèbè. Ọwọ́ dì í mú nírun, ọwọ́ dì í mú lápá, wọ́n fà á gòkè. Ajíbóyè àti àwọn akọpẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré dé.

Bí ó ti bì tán, ó dìde. "Ọmọ mi dà?"

Ìbíyẹmí wà lórí àpáta. Ó ti dìde dúró, omi sì ti ń lá orí àpáta náà. Láyíwọlá sáré láti bẹ́ sínú odò, ọkùnrin méjì dì í mú. Ó bá wọn jà. Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá gbá a létí, ó gbá a dáadáa.

"Bí o bá kú, ta ni yóò mú un lọ sílé? Dúró jẹ́!"

Ajíbóyè ti tú igbà rẹ̀, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. Ó gba igbà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó so wọ́n mọ́ tirẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gun igi. Ẹ̀ka kan lára igi náà nà lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àpáta. Akọpẹ kì í gun ẹ̀ka. Ọ̀pẹ kò ní in. Ó fi àyà fà bí alángbá, ẹ̀ka náà sì ń tẹ̀ bó ti ń lọ síwájú. Nísàlẹ̀, omi ti dé orúnkún Ìbíyẹmí. Ajíbóyè so orí igbà mọ́ ẹ̀ka, ó ju ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Atẹ́gùn gbé e. Ó fà á sókè, ó tún un jù. Ọmọ náà nàgà, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó mú un.

Ìkùukùu omi ti bo àárín odò nígbà náà. Àwọn ará ìlú tó wà ní bèbè ń rí àwòjìji ọmọbìnrin náà, wọn kò rí ohun tó ń ṣe. Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá di Láyíwọlá mú léjìká méjèèjì.

"Àlejò mi, ojú tiwa kò dé ibẹ̀ yẹn. Ojú tìrẹ ló lè dé ibẹ̀. Gbọ́ ohun tí o máa wò fún mi. Má wo ojú rẹ̀. Má wo omi. Wo igbà yẹn: níbo ló so ó mọ́?"

Láyíwọlá nu omi ojú rẹ̀ nù, ó sì wò. "Ọrùn-ọwọ́ ni. Ọrùn-ọwọ́ kan ṣoṣo ló so ó mọ́."

"Yóò yọ. Bí wọ́n bá fà á báyìí, yóò yọ. Abẹ́ abíyá ló gbọ́dọ̀ gbà, kó yí àyà po. Sọ fún un."

Báwo ni yóò ṣe sọ fún un? Ó kígbe, odò gbé igbe náà mì. Ọmọ rẹ̀ ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láyíwọlá fa gèlè lọ́wọ́ ìyá náà, ó gun gbòǹgbò tó ga jù níbẹ̀, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi gèlè yí ara rẹ̀ po lábẹ́ abíyá, ó sì so ó níwájú àyà. Ó tú u. Ó tún un ṣe. Ó ń fọwọ́ gbá àyà rẹ̀ níbi tí kókó náà wà. Ìbíyẹmí wò ó, ó wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Kí ó tó lè tún un so, ó ní láti kọ́kọ́ tú u, kó wà nínú omi tó ti dé ìbàdí rẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú.

"Ó ń tú u," ni Láyíwọlá wí. "Ó ti tú u. Ó... ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ó ti dìde. Ó gbà á lábẹ́ apá kan. Ó gbà á lábẹ́ èkejì. Ó ń so ó." Ó na ọrùn síwájú. "Ó ti so ó! Yèyé, ó ti so ó níwájú àyà!"

"Fà á!" ni ìyá náà ké sókè, ó sì ju ọwọ́ méjèèjì sókè kí Ajíbóyè lè rí i.

Àwọn akọpẹ méjì ti bá Ajíbóyè gun ìdí ẹ̀ka náà. Wọ́n fà á. Ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí kúrò lórí àpáta, bó sì ti kúrò ni ìtì igi kan tí òjò ti wú láti òkè já wá pẹ̀lú omi, ó kọlu orí àpáta náà, ó gbá a mọ́ bí ẹní fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀. Ibi tí ọmọ náà ti dúró, omi nìkan ló kù. Òun ń fì lófuurufú bí èso, ẹ̀ka ń ké, àwọn ọkùnrin ń ké, wọ́n ń fà á títí ọwọ́ Ajíbóyè fi bà á ní èjìká.

Nígbà tí wọ́n gbé e délẹ̀, ó dì mọ́ gbòǹgbò igi náà. Igbà ti họ ọ́ lára láti abíyá dé àyà. Láyíwọlá gbé e mọ́ra bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì mọ ohun tó ń sọ.

Ìgbà tí ọkàn balẹ̀ ni ìbínú dé. Ajíbóyè wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí igbà ti bó, ó sì nàka sí àlejò náà.

"Yèyé, ṣé ọkùnrin yìí kò lójú ni? Gbogbo ìlú ló ń sá kúrò létí odò, òun ń juwọ́ sí yín! Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣòfò, kó má fi ọmọ tiwa kún un."

Àwọn kan hó pé bẹ́ẹ̀ ni. Yèyé Fẹ̀hìntọ́lá ló jókòó tì í.

"Ṣé o rí ewé tútù lórí omi?"

"Mo rí i, Yèyé. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé odò ń kí wa ni."

"Akàn ńkọ́?"

"Mo rí wọn. Mo fi wọ́n han ọmọ mi. A rẹ́rìn-ín." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rí ìṣúdẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òkè. Mo rí àwọn obìnrin tó ń palẹ̀ mọ́. Mo rí ẹ̀yin náà, mo rí eyín tó ká lẹ́nu yín. Kò sí ohun tí n kò rí."

Àwọn ará Ìdó-Àpáta mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò pé òjò tó ń rọ̀ lórí òkè ló ń já ewé tútù sódò, pé akàn kì í sá fún oòrùn, omi ńlá ló ń sá fún. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ó jọ wọ́n lójú pé ojú lásán ni wọ́n fi ń rí i.

Ìyá náà gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. "Ajíbóyè, o ṣeun, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ kankan tí baálẹ̀ máa dá. Ọkùnrin yìí lójú. Ojú rẹ̀ dára ju tèmi tìrẹ lọ, òun náà ló gba ọmọ yẹn là níkẹyìn, nígbà tí a sọ ohun tó máa wò fún un. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni pé kò béèrè. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo ní ojú tó ń ríran lórí odò yìí, mo sì jókòó ti ìkòkò epo."

Ajíbóyè bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó sì fi bo Ìbíyẹmí tó ń gbọ̀n.

Ìbíyẹmí lọ sílé ọkọ nígbà iṣu tuntun, àpá igbà sì wà ní àyà rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé òun kábàámọ̀ ìrìn-àjò náà. Ní ti bàbá rẹ̀, a gbọ́ pé kò sí odò tó pàdé lọ́nà nígbà tí wọ́n ń padà, ìbáà ṣe èyí tí adìyẹ lè là kọjá, tí kò dúró ní bèbè rẹ̀ títí ọmọ ìlú kan fi dé, tí yóò sì bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wò nínú omi yín kí ẹ tó kọjá?" Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Òun kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá, tí àwọn ará Ìdó-Àpáta fi ń pa á, tí àwọn èrò ọ̀nà fi gbé e dé etígbọ̀ọ́ gbogbo wa. Nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí inú ń bí àwọn onílé, tí wọ́n ń wí pé ṣé kò rí i ni, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún un ni. Wọ́n tún máa ń sọ ọ́ sétí ẹni tó ń di ẹrù àjò, tó ń fi ojú rẹ̀ yangàn, kó lè mọ̀ pé ẹnu tó ń béèrè ni yóò ràn án lọ́wọ́ níbi tó ń lọ. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ tí wọ́n ń wo ojú onílé, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kó dìde nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe, kó sin àlejò rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.